Tráípọ́ọ̀dù Wo Ló Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Wa Rà?



Gbogbo ẹni tó wá síbi ayẹyẹ ìdágbére Bàbá Ọlọ́dẹ ní òpin sáà tó kọjá ló mọ̀ pé ayẹyẹ náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara ògiri yìí dáadáa, ẹ ò ní rí fọ́tò Bàbá kankan níbẹ̀. Èmi ni mo di kámẹ́rà ẹgbẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, iná gbọ̀ngàn kò mọ́lẹ̀ tó, ọwọ́ lásán ni mo sì fi ń ya fọ́tò. Fọ́tò 43 ni mo yà. Nígbà tí a ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà, ojú Bàbá di méjì méjì nínú gbogbo wọn. Láti ìgbà náà, Bàbá ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ọmọ mi, fọ́tò mi ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan gidi sọ.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ wa ti dá owó jọ láti ra tráípọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Méjì la rí tí owó wa ká, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la sì máa dìbò lórí wọn. Kí a tó dìbò, ẹ jẹ́ ká kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀, kí owó wa má bàa wọgbó.

Kí ló ba fọ́tò Bàbá jẹ́?

Ohun kan wà nínú kámẹ́rà tó dà bí ilẹ̀kùn kékeré. Tí o bá tẹ bọ́tìnì, ilẹ̀kùn yìí á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á sì tún pa dé. Ní ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ilẹ̀kùn lè ṣí fún 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá péré. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, ó lè pẹ́ tó 1/10 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó rí ìmọ́lẹ̀ tó máa tó o. O lè ní, "Kí ni 1/10 fẹ́ ṣe?" Ó ṣe nǹkan o! Gbogbo bí ọwọ́ rẹ ṣe gbọ̀n láàárín àkókò yẹn ló máa wọnú fọ́tò. Èémí tí ò ń mí pàápàá ń mi kámẹ́rà.

Àwọn ayàwòrán ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń lò. Wo nọ́ńbà mìlímítà tó wà lára lẹ́ǹsì rẹ. Tó bá jẹ́ 50, má fi ọwọ́ lásán ya fọ́tò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa pẹ́ ju 1/50 lọ. Tó bá jẹ́ 200, ó di 1/200. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ wa tó ni ìgbọ̀n ọwọ́ máa ń hàn tó. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá jẹ́ kí o lè pa òṣùwọ̀n yìí mọ́, wá nǹkan gbé kámẹ́rà lé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta? Àwọn àgbà ti dáhùn tipẹ́: ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Tábìlì kíláàsì wa ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹ sì mọ iye ìgbà tí a máa ń ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ kan kó má bàa máa mì. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ní ìṣòro yẹn. Kódà kí ilẹ̀ rí gbágungbàgun, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi ara kan ilẹ̀.

Ohun tí tráípọ́ọ̀dù kò lè ṣe

Ní ọdún 1838, ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Louis Daguerre ya fọ́tò òpópónà kan ní ìlú Paris, Boulevard du Temple ni orúkọ rẹ̀. Nígbà yẹn, kámẹ́rà ní láti la ojú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwòrán tó lè jáde. Èrò àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò jáde, òpópónà dá páropáro! Àwọn ilé hàn kedere, àwọn tó ń rìn ti pòórá. Ẹni tó hàn ni ọkùnrin kan tó dúró sójú kan tí wọ́n ń bá a nu bàtà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: kámẹ́rà ni tráípọ́ọ̀dù ń dì mú, kì í di èèyàn mú. Ká ní mo tiẹ̀ ní tráípọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ìdágbére, àwọn fọ́tò tí mo yà nígbà tí Bàbá ń jó kò bá ṣì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó jókòó, tó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, ìyẹn ìbá jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré sísá níbi inter-house: oòrùn wà, jẹ́ kí ilẹ̀kùn kámẹ́rà yára, kí o sì fi tráípọ́ọ̀dù sílẹ̀.

Ìbéèrè márùn-ún kí a tó rà á

1. Kí la fẹ́ fi ṣe? Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa kò ju mẹ́rin lọ: fọ́tò kíláàsì, ayẹyẹ alẹ́, fídíò àríyànjiyàn àti inter-house. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́ta ló nílò tráípọ́ọ̀dù. Kò sí èyí tó nílò kí a gun òkè.

2. Báwo ni ẹrù rẹ̀ ṣe wúwo tó? Wọ́n máa ń kọ iye kílò tó lè gbé sára páálí rẹ̀. Ẹ ka kámẹ́rà, lẹ́ǹsì, fíláàṣì àti máíkì pọ̀, kí ẹ sì wá èyí tó lè gbé ìlọ́po méjì rẹ̀. Kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì tiwa kò tó kílò kan, nítorí náà èyí tó lè gbé kílò mẹ́ta tó wa, ó tún ṣẹ́ kù.

3. Báwo ló ṣe ga tó? Ibí ni wọ́n ti máa ń tan èèyàn. Ọ̀pá kan wà láàárín tí a lè fà sókè. Gíga tí ọ̀pá yìí fi kún un wà nínú iye tí wọ́n kọ sí páálí. Ṣùgbọ́n tí o bá ti fa ọ̀pá yẹn sókè tán, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lo gbé kámẹ́rà lé yẹn, kì í ṣe mẹ́ta mọ́. Èyí tó ga tó àyà tàbí ojú wa láìfa ọ̀pá àárín ló dáa.

4. Irú orí wo ló ní? Orí oníbọ́ọ̀lù máa ń yí síbi gbogbo, síkúrù kan lo máa fi dè é, ó yá fún fọ́tò. Orí tó ní ọwọ́ gígùn máa ń yí sọ́tùn-ún sósì, àti sókè sódò, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òun ló dáa fún fídíò, torí àwòrán kò ní máa fì. Síkúrù tó wọ abẹ́ kámẹ́rà sábà máa ń jẹ́ ìdámẹ́rin íńṣì. Fóònù kò ní ihò yẹn, ó máa nílò ohun tó máa gbá a mú.

5. Ta ló máa gbé e? Carbon fibre fúyẹ́, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Alumíníọ́mù wúwo díẹ̀, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ẹsẹ̀ tó pín sí mẹ́ta máa ń le ju èyí tó pín sí mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, nítorí ìpín ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń tínrín jù. Ṣùgbọ́n èyí tó pín púpọ̀ máa ń kéré tí a bá ká a. Ẹ rántí o, tráípọ́ọ̀dù tó wúwo débi pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé e, ilé ló máa sùn sí.

Bí a ṣe ń dán an wò lọ́jà

Ẹ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kan bá yọ̀ wọlé, ẹ dá a padà fún oníṣòwò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kámẹ́rà lé e, ẹ fa ohun tó jìnnà sún mọ́lé, ẹ fi ìka kan ta ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa wo ojú kámẹ́rà. Èyí tí àwòrán rẹ̀ tètè dúró ló dáa.

Ìmọ̀ràn tèmi

Àkọ́kọ́ nínú àwọn méjì tí a rí ga gan-an, ó ń dán, ó sì ní ibi tí fóònù máa wọ̀. Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá àárín ló fi ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ pín sí márùn-ún, nígbà tí mo sì ta á, àwòrán ń mì títí mo fi ka ení dé ẹẹ́fà. Èkejì jẹ́ alumíníọ́mù dúdú, kò ga jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ pín sí mẹ́ta, orí rẹ̀ sì ní ọwọ́. Mo ka ení, èjì, ó ti dúró gbọin-gbọin. Ó wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè máa gbé e ní gbígbà-fún-mi. Òun ni màá dìbò fún.

Èyíkéyìí tí a bá rà, ẹ máa fa ìpín ẹsẹ̀ tó nípọn yọ kí ẹ tó fa èyí tó tínrín. Ẹ lo àsìkò ìdádúró ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó wà nínú kámẹ́rà, kí ìka yín má bàa mì ín. Tí eruku ọyẹ́ bá wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí ẹ tó ká a.

Bàbá Ọlọ́dẹ ti ní òun á wá síbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọ agbádá ọjọ́ yẹn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìbò dáadáa.