Òjò Kan Ò Tó Koríko

Ẹni tó bá ń gbé Agége á mọ igbe màlúù. Oko Ọba ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń pa wọ́n, àmọ́ ẹ ò ní rí oko níbẹ̀, ká má tíì sọ koríko. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti jẹko dàgbà. Òjò ọdún kan ní Sókótó kì í sábà tó 800 mìlímítà. Ti Ìkẹjà máa ń kọjá 1,300.

Èmi rò pé kí koríko ṣáà ti hù ni, ó ti bọ́. Mo wá gbin irúgbìn ikin sínú ike méjì lẹ́yìnkùlé wa ní Ògbà. Nígbà tí wọ́n hù, mò ń bomi rin ọ̀kan lójoojúmọ́, mo fi ìkejì sílẹ̀ bí ẹni pé òjò dá. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó fi rọ. Mo fi ṣíbí wa ilẹ̀ rẹ̀: ìsàlẹ̀ ṣì tutù! Kí ló wá pa á?

Gbòǹgbò ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni irú koríko yìí ń ta gbòǹgbò. Ti àkọ́kọ́ ń jáde láti inú irúgbìn, omi tó bá fà sì ní láti gba inú igi tín-ín-rín bí òwú kọjá kó tó dé ewé. Bí ewé bá ń pọ̀ sí i, omi yẹn ò ní tó mọ́. Ẹ ṣáà wo ilé face-me-I-face-you tí gbogbo ayálégbé ń du ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo! Ti kejì ló lágbára, àmọ́ ìtòsí ojú ilẹ̀ ló ti ń yọ, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ gbẹ.

Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn onímọ̀ yẹ koríko ilẹ̀ gbígbẹ kan tó ń jẹ́ blue grama wò. Wọ́n rí i pé ojú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù fún ọjọ́ 2 sí 4 léraléra kí gbòǹgbò kejì tó lè mú. Òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì sá lọ, ó kàn jí irúgbìn láti pa á ni.

Eruwà, tí àwọn Hausa ń pè ní gamba, gbọ́n díẹ̀: irúgbìn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó máa ń sùn fún oṣù mélòó kan kó tó gbà láti hù. Ẹni tó bá fẹ́ gbin koríko màlúù, kó dúró kí òjò fìdí múlẹ̀, kó má ri irúgbìn jìn, kó sì lé ẹran sẹ́yìn ná. Bí màlúù bá tètè já a, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ló máa fà á tu.

Ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ ikin tó kù nínú ike mi. Gbòǹgbò kejì ti mú nígbà yẹn ṣá. Ó ti tún ń rúwé.