Wúńdíá Kì í Ṣe Omidan

Wúńdíá ti di ọ̀rọ̀ tí àwọn oníwàásù àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń pe ọmọbìnrin èyíkéyìí tí kò tíì wọ ilé ọkọ, bí ẹni pé òun àti omidan kò yàtọ̀, àṣìlò yìí sì ń ba ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́. Ipò ni omidan ń sọ, ìyẹn obìnrin tí ó ti tó ilé ọkọ lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì lọ. Wúńdíá ń sọ nípa ara, nípa ẹni tí kò tíì mọ ọkùnrin, tí ìbálé rẹ̀ ṣì wà, ìyẹn ohun tí àwọn àgbà ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ní ọkọ bá ìyàwó nílé.

Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Àìsáyà 7:14, wúńdíá ni àwọn atúmọ̀ fi dípò almah, ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó ń tọ́ka sí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ti bàlágà, tí kò sì sọ̀rọ̀ ìbálé ní tààrà. Parthenos, tí àwọn Júù lò nígbà tí wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì, ni ó fà á sọ́dọ̀ ìbálé, Mátíù sì tẹ̀ lé wọn. Bí ó bá ṣe ti Hébérù nìkan ni, omidan ni ì bá sún mọ́ ọn jù. Nínú òwe wúńdíá mẹ́wàá, ní Mátíù 25, òróró ni kò tó àwọn márùn-ún, ìbálé kọ́. Oníwàásù tí ó bá ń fi wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin wí nítorí ìṣekúṣe ti ṣi òwe náà lò pátápátá.

Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ wúńdíá ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí Arugbá bá ru igbá Ọ̀ṣun láti ààfin Àtáọ́ja, ọba ìlú náà, lọ sí igbó Ọ̀ṣun. Àṣà ní kí ó jẹ́ ọmọ ìdílé ọba, kí ó sì jẹ́ wúńdíá. Oníròyìn tí ó bá pè é ní omidan lásán kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti fo ohun tí ó mú kí igbá náà tọ́ sí i.

Ní ti omidan, àṣìlò ti borí. Ọ̀dọ́ ni ó ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tí wọ́n ń kọ ṣáájú orúkọ bíi Ọ̀gbẹ́ni àti Arábìnrin, obìnrin ẹni ọdún 60 tí kò lọ́kọ sì ń jẹ́ ẹ láìsí atakò. Èdè nílò rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Wúńdíá kò ní irú àwíjàre yìí, nítorí ọ̀dọ́bìnrin, ọmọge àti omidan wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ láìtojú bọ ohun tí kò kàn án.