Ibi Tí Ayálégbé Lè Yíjú Sí

Kí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó dá àjọ tí ń kọ́lé sílẹ̀ ní 1958, tí àjọ náà fi sọ Bódìjà n'Ìbàdàn di àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́, agbo ilé ni ará Ìkàrẹ́ àti ará Ọ̀kà, ní ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, mọ̀ sí ibi ìsádi. Ẹni tí iná jó ilé rẹ̀, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú sí ẹ̀yìn odi, ọmọ tí Èkó lé padà wálé, gbogbo wọn ni yóò bá yàrá kan nínú ilé baba wọn, ìbáà ṣe yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí, kò sì sí ẹni tí yóò bi wọ́n ní rìsíìtì. Ilé ni àbọ̀sinmi oko. Títí di òní, olórí ẹbí ni mo fẹ́ kí ẹni tí owó ilé bá há mọ́ lọ́wọ́ kọ́kọ́ lọ bá. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, ìtìjú ọ̀hún kì í sì í bá ni san owó ilé.

Àlejò tí kò ní ilé baba níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ilé yìí le fún jù. Láti 1999 tí ìjọba ti gbé yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó wá sí Àkùngbá, tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ń bá ọmọ ìlú du yàrá, onílé sì mọ̀ pé bí Táyé kò bá gbà á, Kẹ́hìndé yóò gbà á. Owó ọdún kan ni yóò bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà, owó éjẹ́ǹtì a sì gorí rẹ̀. Níbo ni alátẹ yóò ti rí i, bí kò bá dá àjọ tàbí kí ó wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀? Bí owó kò bá pé, kí ó tọ onílé lọ kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n jọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò san án. Àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin 1992 dá sílẹ̀, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tàbí ra ilé ni ó wúlò fún jù, kì í ṣe ẹni tí onílé ń kan ilẹ̀kùn mọ́ lálẹ́ òní.

Nígbà òjò kan, mo rí onílé kan tí ó gun òrùlé, tí ó ń ṣí páànù yàrá ayálégbé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí gbèsè oṣù mẹ́ta. Inú ìkòkò ọbẹ̀ obìnrin náà ni òjò kọ́kọ́ rọ̀ sí, òun sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀bẹ̀, kò mọ̀ pé ọkùnrin orí òrùlé ni ó ń rú òfin. Ilé ẹjọ́ nìkan ni ó lè lé ayálégbé jáde. Bí wọn kò bá ti ṣe àdéhùn mìíràn, nótíìsì oṣù 6 ni ti ẹni tí ń san owó ọdọọdún, oṣù 1 ni ti ẹni tí ń san án lóṣooṣù. Bí ọjọ́ bá pé, ìwé ọlọ́jọ́ 7 ni yóò tẹ̀ lé e, kí onílé tó gba ilé ẹjọ́ lọ. Gbèsè kò torí èyí parẹ́ o. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè tọ Legal Aid Council lọ ní Àkúrẹ́, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976 nítorí àwọn tálákà. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ó kó gbogbo rìsíìtì rẹ̀ dání, títí kan èyí tí eku ti jẹ etí rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí ìjì lé jáde nígbà àkọ́rọ̀ òjò. Yàrá ìkàwé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó ya fọ́tò ilé náà kí ó tó gbá a, kí ó sọ fún kánsẹ́lọ̀, kí ó sì mú lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà, kí wọ́n lè fi í ránṣẹ́ sí àjọ tí ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì. Ìrànwọ́ wọn kì í tètè dé. N kò ní tàn yín. Lẹ́ẹ̀kan ní Ọ̀kà, mo bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọ́n ń ṣa páànù nínú oko ẹ̀gẹ́ ní ìsàlẹ̀ òkè, tí wọ́n ń fi òòlù na èyí tí ó ti ká kò, wọ́n sì ti gbé méje padà sórí ilé opó kan kí oòrùn tó kan àtàrí.