Ẹ̀KỌ́ KỌKÀNLÁ: KÍ A MỌ ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ KÍ A TÓ FỌWỌ́ SÍ ÌWÉ

Ẹ ti ka ìwé kìíní àti ìwé kejì tán. Ẹ ti lè kọ orúkọ yín, ẹ sì ti lè ka lẹ́tà tí ọmọ yín kọ láti Èkó láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ó dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìwé tó máa ń gba owó tàbí ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn: ìwé báńkì, ìwé ilẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn, ìwé kọ́ọ̀tù. Òmíràn nínú yín ti lè pe àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ìyẹn kò tíì tó. Pípe ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, mímọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Lónìí a ó kọ́ bí a ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó le, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi di tiwa.

1. Ẹlẹ́rìí kọ́ ni onídùúró

Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta iṣu lọ́jà Aramọkọ fẹ́ yá ₦200,000. Ó mú ìwé lọ bá aládùúgbò rẹ̀.

"Bàbá Táyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ìwé yìí. Ẹlẹ́rìí lásán ni wọ́n ní kí ẹ ṣe."

"Ó dáa, Ìyá Bọ̀sẹ̀. Kí ni wọ́n kọ síbi tí mo máa fọwọ́ sí?"

"Wọ́n kọ 'guarantor' síbẹ̀. Akọ̀wé ní ẹlẹ́rìí náà ni."

"Ẹ bùn mí láyè díẹ̀. Ẹ jẹ́ n wò ó nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ mi."

Bàbá Táyé ṣe ohun tó yẹ. "Witness" ni ẹlẹ́rìí, ìyẹn ẹni tí ohun kan ṣojú rẹ̀, tó sì lè sọ pé ó ṣojú òun. "Guarantor" ni ẹni tó ṣèlérí pé, bí ẹni tó yá owó kò bá san án, òun ni yóò san án. Bí Ìyá Bọ̀sẹ̀ kò bá rí owó san, ẹlẹ́rìí kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Onídùúró ni wọn yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ kíyèsí i pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì. Láti ayé ìwọ̀fà ni àwọn baba wa ti mọ onígbọ̀wọ́, tí wọ́n sì mọ̀ pé òun àti ẹlẹ́rìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Akọ̀wé tó ń kánjú ló da méjèèjì pọ̀. Bàbá Táyé ṣì lè ṣe onídùúró fún Ìyá Bọ̀sẹ̀ bí ó bá fẹ́, nítorí aládùúgbò rere ni. Ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ bi í léèrè bí yóò ṣe san owó náà àti ìgbà tí yóò san án tán. Yóò fi ojú tó là ṣe é.

2. Agbo ilé wo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Bí àlejò bá dé Ẹ̀fọ̀n, tó ní òun ń wá ọmọ kan, ohun méjì ni a óò bi í. Èkíní: agbo ilé wo ni ọmọ náà ti wá? Èkejì: èwo nínú àwọn ọmọ agbo ilé náà ni? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rí. Ìtumọ̀ tó péye máa ń kọ́kọ́ sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́, lẹ́yìn náà a sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò pẹ̀lú "lease." Agbo ilé rẹ̀ ni àdéhùn. Irú àdéhùn wo? Èyí tí a fi ń gba ilẹ̀ tàbí ilé ẹlòmíràn lò. Kí ló yà á sọ́tọ̀? A ń sanwó fún un, ó ní iye ọdún, bí ọdún náà bá sì pé, ilẹ̀ tàbí ilé á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ wá wo àwọn àbúrò rẹ̀ nínú agbo ilé kan náà. "Sale" ni títà: ohun tí a tà kò padà mọ́. "Pledge" ni fífi nǹkan dógò: ẹni tó fi oko kòkó rẹ̀ dógò yóò gbà á padà nígbà tó bá san gbèsè. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé, "Ìwé ilẹ̀ ni, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i," ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́ta yìí ni. Ilẹ̀ yóò ha padà bí? Nígbà wo? Ta ni yóò sanwó?

3. Ọ̀rọ̀ kan lè ní ìtumọ̀ méjì

Bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ kan lè ní 1, 2, 3 níwájú. Ẹ má ṣe gba ti 1 kí ẹ sì pa ìwé dé. Ẹ ka gbogbo rẹ̀, kí ẹ mú èyí tó bá ìwé ọwọ́ yín mu. "Interest" lórí ìwé báńkì ni èlé. "Interest" lórí ìwé ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ tàbí ìpín tí ènìyàn ní nínú ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá rò pé èlé ni wọ́n ń sọ lè fi ìpín baba rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀yin ará Ìjerò mọ ọ̀rọ̀ ìwakùsà dáadáa. Níbẹ̀, "lease" tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe onílẹ̀ ló ń fúnni ní "mining lease." Ìjọba àpapọ̀ ló ń fún awakùsà, fún ọdún 25, a sì lè tún un ṣe. Ti àwọn awakùsà kéékèèké, "small-scale mining lease," jẹ́ ọdún 5. Òfin kan náà ní kí ẹni tó gba "mining lease" bá ìlú ṣe "community development agreement" kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni àdéhùn lórí ohun rere tí yóò ṣe fún ìlú. Bí a bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé ìlú yín, ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé ni ìlú yóò wojú yín.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹ óò bá pàdé ni "consent." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni gbígbà tí ènìyàn gbà pé kí a ṣe ohun kan. Ẹ óò rí i ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ óò sì rí i lórí ìwé ilẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni "attendance," èyí tí í ṣe pé ènìyàn wá sí ìpàdé. Ẹni tó kọ orúkọ sí ìwé "attendance" sọ pé, "Mo wà níbẹ̀." Ẹni tó kọ orúkọ sí ìwé "consent" sọ pé, "Mo gbà." Kí ẹ tó kọ orúkọ, ẹ ka àkọlé ìwé náà.

4. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀

Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ yín ń pè ní díkíṣọ́nárì. Ábídí Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà 26, tiwa ní 25. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, gb, ọ, ṣ. Ó sì ní c, q, v, x, z tí àwa kò ní. Ẹ kọ ábídí Gẹ̀ẹ́sì sórí ìwé kékeré kan, kí ẹ fi sínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ yín. Kò ní pẹ́ tí ọwọ́ yín yóò fi máa lọ síbi tó yẹ.

Ẹ má sọ pé ẹ ti dàgbà jù. Wọ́n kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Nígbà tó dé Freetown ní 1822, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1843, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìwé tó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìtumọ̀ ara wọn, tí wọ́n tẹ̀ ní London.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ jù. Ní 1935, Michael West, tó ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà, àti James Endicott tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wọn. Ohun tí wọ́n túmọ̀ tó 24,000, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rírọrùn 1,490 péré ni wọ́n fi túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ló ń ṣí ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹni tó mọ "pay," "owe," "own," "use" àti "return" dáadáa ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ béèrè irú èyí tí a fi Gẹ̀ẹ́sì rírọrùn ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́.

5. Bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún iṣẹ́ yìí nìkan. Fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe báyìí:

(a) Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì kọ gbogbo gbólóhùn tí ẹ ti rí i.
(b) Ẹ wá ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá: irú ohun tó jẹ́, àti ohun tó yà á sọ́tọ̀.
(d) Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun.
(e) Ẹ fi ṣe gbólóhùn kan nípa oko, ọjà tàbí ilé yín.
(ẹ) Ẹ wá ẹbí rẹ̀. Láti ara "lease" ni a ti rí "lessor," ẹni tó fi nǹkan yáni lò, àti "lessee," ẹni tó yá a lò. Bákan náà ni "employer" àti "employee," ọ̀gá àti òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ 5 tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ọdún kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ 260. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún yìí:

Receipt: ìwé tó fi hàn pé a ti gba owó.
Deposit: owó tí a kọ́kọ́ san sílẹ̀ kí a tó san ìyókù.
Balance: iye tó ṣẹ́kù.
Default: kí ènìyàn má san gbèsè nígbà tó dá.
Expire: kí àkókò nǹkan tán, bíi ti oògùn tàbí ti àdéhùn.

6. Ẹ rántí èyí

Òfin wà ní Nàìjíríà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ìwé náà. A sì gbọ́dọ̀ ka ìwé náà fún ẹni tó ni ín, kí a ṣàlàyé rẹ̀, kí ó tó tẹ̀ka. Ẹ sọ fún àwọn òbí yín àti àwọn aládùúgbò yín tí kò tíì wá sí kíláàsì. Ní tiyín, bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé yín, ẹ lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ n mú un lọ sílé kà." Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin "witness" àti "guarantor"?
2. Nínú "sale," "lease" àti "pledge," èwo ni ilẹ̀ kì í ti í padà?
3. Ìtumọ̀ méjì wo ni a fún "interest"?
4. Ta ló ń fúnni ní "mining lease"? Ọdún mélòó ni?
5. Ẹ fi "balance" ṣe gbólóhùn kan nípa ọjà yín.

IṢẸ́ ILÉ: Ẹ mú ìwé kan tó wà nílé yín wá sí kíláàsì tó ń bọ̀, ìwé owó iná, ìwé báńkì tàbí ìwé ilé ìwòsàn. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò yé yín. A ó jùmọ̀ wá agbo ilé rẹ̀.