Ọ̀WỌ̀ ẸNI TÍ Ó Ń GBA SÀKÁ



Ẹ̀kọ́ wa dá lórí ìbọ̀wọ̀fúnni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ fún àgbà nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ̀fúnni ni kí á má ṣe sọ ọmọnìkejì wa di ẹni yẹpẹrẹ, ìbáà jù wá lọ tàbí kí á jù ú lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi san oore padà ni a ti ń dá a mọ̀: ọmọ òrukàn, opó àti aláìní.

1. Sàká kì í ṣe ojú àánú. Súúrà 70, ẹsẹ 24 àti 25, pè é ní ẹ̀tọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó òṣùwọ̀n, tí ó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá kan nínú 40 ni yóò yọ. Ìdá náà ti kúrò ní tirẹ̀. Ta ni yóò wá máa fọ́nnu sí ẹlòmíràn nítorí pé ó fún un ní ohun tí ó tọ́ sí i?

2. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Súúrà 2, ẹsẹ 263, kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ rere àti àmójúkúrò sàn ju ọrẹ tí ìpalára tẹ̀lé lọ. Àwọn àgbà náà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

3. Ilé onílé. A kì í wọ ilé ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún láìkígbe pé "Àgò onílé o!" Súúrà 24, ẹsẹ 27, pa á láṣẹ pé kí á gba ìyọ̀ǹda, kí á sì sálámà. Síbẹ̀, bí ó bá di ilé opó, àwọn kan á kàn já wọlé nítorí pé ìrẹsì ni wọ́n gbé wá. Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) kọ́ wa pé kí á tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọn kò bá dáhùn, kí á padà.

4. Fọ́tò yíyà. Nígbà kan, àwa kan to àwọn ọmọ sórí ìlà ní gbangba, a fún wọn ní ìwé àti bàtà, a sì ya fọ́tò wọn. Ọmọbìnrin kan fi ìwé bo ojú. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé "ọmọ sàráà" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ohun tí a pè ní ìrànlọ́wọ́ ni a fi dójú tì í. Súúrà 2, ẹsẹ 271, kò kọ ìtọrẹ ní gbangba, ṣùgbọ́n ó ní fífún aláìní ní ìkọ̀kọ̀ lóore jù. Ìṣirò owó ni kí gbogbo ènìyàn rí, kì í ṣe ojú ọmọ.

5. Ogún ọmọ òrukàn. Àìní ni ó ń mú kí sàká tọ́ sí ọmọ òrukàn, kì í ṣe ikú baba rẹ̀ nìkan. Bí baba bá fi ogún sílẹ̀, ọ̀wọ̀ tí ó ga jù ni kí á má ṣe jẹ ẹ́. Ìkìlọ̀ Súúrà 4, ẹsẹ 10, le lórí rẹ̀.

Ní Awo wa yìí, gbogbo wa mọ ara wa. Ọmọ tí a kàn lábùkù lónìí, a ó tún pàdé rẹ̀ lọ́jà, lóko àti ní mọ́sálásí lọ́la. Kí Ọlọ́hun gba sàká wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu wa bà á jẹ́. Àmín.