Ike nínú oúnjẹ ẹja

Ọ̀rá àti ike inú odò Aboabo kì í jẹrà. Oòrùn àti omi ń fọ́ wọn wẹ́wẹ́ títí ojú kò fi ní rí wọn mọ́. Kòkòrò omi á jẹ wọ́n, ẹja á jẹ kòkòrò. Ìwádìí fi hàn pé èyí tó kéré jù lè gba ìfun dé ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀. Ìfun lè wú, kí ẹja má jẹun dáadáa, kó má sì tètè dàgbà. Owó oúnjẹ ṣòfò nìyẹn.

Asẹ́ kò lè mú wọn. Nítorí náà:
1. Ẹ má fa omi odò sínú adágún ẹja. Omi kànga ni kí ẹ lò.
2. Ẹ má fi ìfun ẹja odò bọ́ ẹja yín.
3. Ẹ ṣa ọ̀rá kúrò nínú àjẹkù oúnjẹ kí ẹ tó dà á fún wọn.