Ẹdùn Àrá àti Òòrẹ̀ Òkun

Ní àkókò òjò kan, ọmọ kíláàsì kẹta kan tí oko bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn odi Ẹ̀pẹ́ gbé òkúta kan wá sí ilé ẹ̀kọ́, ó fi ewé kókò wé e. Òkúta náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó dúdú, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ kan mú, ìdí rẹ̀ sì ṣe roboto. Bàbá rẹ̀ ni ó hú u jáde níbi tí ó ti ń kọ ebè ẹ̀gẹ́. Kí n tó wí ohunkóhun, kíláàsì ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ẹdùn àrá ni, kí ó tètè dá a padà kí òjò má bàa ká a mọ́ ọ̀nà. Àwọn kejì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òkúta lásán ni, kí ó sọ ọ́ sí pápá. Mo sọ fún wọn pé ìhà méjèèjì ni ó ṣìnà, àti pé àṣìṣe àwọn tí ó ní kí ó sọ ọ́ nù ni ó burú jù. Àlàyé tí mo ṣe fún wọn ní ọjọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fi díẹ̀ kún un.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn baba wa ń sọ nípa ẹdùn àrá. Wọ́n ní nígbà tí inú bá bí Ṣàngó, òun ni ó ń sọ ọ́ láti ojú ọ̀run. Ibi tí ó bá bọ́ sí, ilé a jó, igi a là sí méjì, ẹdùn náà a sì wọlẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí àrá bá sán lu ilé kan láyé àtijọ́, onílé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ẹrù ara rẹ̀. Àwọn Mọ́gbà, tí í ṣe olórí àwọn oníṣàngó, ni yóò kọ́kọ́ wọlé láti wá ẹdùn náà jáde, onílé yóò sì san ohunkóhun tí wọ́n bá bù fún un láti fi ṣe ètùtù. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣe àlàyé bí wọ́n ti ń kó ẹrù irú ilé bẹ́ẹ̀ àti bí ìtanràn náà ti ń wúwo tó. Ẹ rò ó wò: ẹni tí iná jó ilé rẹ̀ ni ó tún ń sáré wá owó kiri! Ní ti àwọn ẹdùn náà, inú ọpọ́n ni wọ́n ń kó wọn sí, lórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. A ó máa fi epo pa wọ́n lára, a ó sì máa fi orógbó bọ wọ́n. Ọṣé tí ẹlẹ́gùn ń mú lọ́wọ́ jó, àwòrán ẹdùn olójú méjì ni a gbẹ́ sí orí rẹ̀.

Ǹjẹ́ Yorùbá nìkan ni ó ń wí báyìí? Rárá o. Ní 1911, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, Christian Blinkenberg, tẹ ìwé kan jáde lórí ohun ìjà àrá. Nínú rẹ̀ ni a ti kà pé àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà gbà pé òkúta a máa bá àrá wá sílẹ̀, àti pé ilé tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá wà, àrá kò ní lù ú. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n mú òkúta náà wá kí a rí i, ohun tí wọ́n ń mú wá kò dọ́gba. Ní agbègbè kan, àáké òkúta bí èyí tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí gbé wá ni. Ní agbègbè mìíràn, òkúta roboto kan tí àmì bí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún wà lórí rẹ̀ ni. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì: òkúta àrá.

Òkúta roboto yìí ni ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òkúta. Ẹran òkun ni. Irú rẹ̀ ń bẹ láàyè nínú òkun títí di òní. Ó rí roboto bí ọsàn, ẹ̀gún sì bò ó lára bí ti òòrẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, òòrẹ̀ òkun ni a ó máa pè é. Abẹ́ ni ẹnu rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní eyín márùn-ún tí wọ́n fi ń ha ewéko inú omi jẹ. Karawun rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo bí ti ìgbín. Àwo wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni a tò pọ̀, ihò tín-tìn-tín sì tò lọ lára wọn ní ọ̀wọ́ márùn-ún, níbi tí àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké ti ń yọ jáde. Bí ó bá kú, ẹ̀gún rẹ̀ a rẹ̀ dànù, karawun a rì sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ a kún inú rẹ̀, òmíràn a sì tún hó lé e lórí. Lẹ́yìn ọdún tí kò lóǹkà, ẹrẹ̀ di òkúta, karawun náà di òkúta, ọ̀wọ́ ihò márùn-ún kò sì parẹ́. Òun ni ìràwọ̀ tí àwọn ará Dẹ́nmáàkì ń rí.

Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn darandaran àti àgbẹ̀ a máa rí i lẹ́yìn tí wọ́n bá túlẹ̀ tán. Àwọn kan ń pè é ní adé olùṣọ́-àgùntàn, àwọn mìíràn ń pè é ní búrẹ́dì iwin. Wọ́n a gbé e sí ojú fèrèsé kí àrá má bàa wọlé. Wọ́n a gbé e sí ẹ̀bá ààrò kí oúnjẹ má bàa tán nínú ilé. Àṣà yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1887, Worthington Smith rí ibojì obìnrin kan àti ọmọ kékeré kan lórí òkè Dunstable, òòrẹ̀ òkun tí ó ti di òkúta tí ó ju 200 lọ sì wà nínú ibojì náà. Ẹni tí ó ṣa 200 òkúta jọ fún òkú, kì í ṣe eré ni ó ń ṣe. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni ó ń bẹ̀rù òkúta, ẹ mọ èsì tí ẹ ó fún un.

Ṣé a lè rí òòrẹ̀ òkun bẹ́ẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa? Ilẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ iyanrìn àti erùpẹ̀ pupa tí omi gbé wá láti òkè; ẹni tí ó bá ti gbẹ́ kànga níbẹ̀ mọ̀ pé kò sí àpáta ní tòsí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Sátidé rẹ̀ ṣòfò létí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti Ìkòròdú gba òkè lọ sí Ṣàgámù, tí a sì yà sí apá Ewékorò, a ó bá òkúta funfun tí a ń wà láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Ní 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò. Abẹ́ òkun ni òkúta yìí ti dì, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìsáwùrú wà nínú rẹ̀, eyín ẹja ekurá wà nínú rẹ̀, òòrẹ̀ òkun náà sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 1977. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti Ṣókótó. Ní 1904, F. A. Bather kọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa òòrẹ̀ òkun tí a rí nínú òkúta ibẹ̀. Ṣókótó, níbi tí àtìbàbà ìyanrìn aṣálẹ̀ kò jìnnà sí! Òkun ti dé ibẹ̀ rí, ó sì ti padà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òkúta Ẹ̀pẹ́. Bí àrá bá sán lu iyanrìn ní tòótọ́, ooru rẹ̀ a máa yọ́ iyanrìn náà, a sì di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò tí inú rẹ̀ ń dán bí ìgò, tí ó sì tètè ń fọ́. Kì í di àáké. Kí ni ó dé tí a fi rò bẹ́ẹ̀? Mo rò pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ó tàn wá. Òjò ńlá a máa wọ́ erùpẹ̀ lọ, ohun tí ó ti sin láti ọjọ́ pípẹ́ a sì yọ orí. Ẹni tí ó bá jí ní òwúrọ̀, tí ó rí òkúta dídán níbi tí kò sí òkúta, tí ó sì rántí bí àrá ti sán ní òru, níbo ni yóò wí pé ó ti wá?

Ní 1723, Antoine de Jussieu fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ han àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Páríìsì, ó sì fi wé àwọn àáké òkúta tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń lò nígbà náà. Wọ́n jọra bí ìbejì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun lọ́nà Àkúrẹ́, ní 1965. Wọ́n rí àáké òkúta tí a lọ̀ nínú erùpẹ̀ kan náà tí wọ́n ti rí àfọ́kù ìkòkò. Àwọn tí ó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ni ó ṣe é: wọ́n lù ú, wọ́n sì fi omi àti iyanrìn lọ̀ ọ́ lórí àpáta títí ẹnu rẹ̀ fi mú. Kò sì sí àpáta líle bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè sókè ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ni ó rù ú wá. Iṣẹ́ ọwọ́ àti òógùn àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni a gbé fún àrá.

Nítorí náà, ibi tí a ti rí òkúta níye lórí tó òkúta fúnra rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni mo fi kọ́ èyí. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá àgbà kan lẹ́bàá Ìkòròdú fún mi ní ẹdùn kan tí ó ti wà ní ìdí àmù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní, “Ọmọ mi, o kò tilẹ̀ bi mí léèrè ibi tí a ti rí i?” Mo dáhùn pé, “Ẹ má ṣe ìyọnu, Ìyá, màá padà wá gbọ́ ọ.” N kò padà títí ó fi kú. Oko náà ti di ilé lónìí. Òkúta wà lórí tábìlì mi, ó ń dán, kò sì lè sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe wọ ibi tí a ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì láìgba àṣẹ, nítorí wọ́n ń fi ẹ̀tù fọ́ ọ, bèbè rẹ̀ a sì máa ya lójijì. Ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan ẹdùn tí ó wà ní ojúbọ tàbí nínú ilé onílé. Bí ẹ kò tilẹ̀ gba Ṣàngó gbọ́, olè ni. Èyí tí a bá hú jáde nínú ilẹ̀, òfin ilé ìṣúra ohun àtijọ́ ti 1979 ní kí a fi tó àwọn aláṣẹ létí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ náà kò dá òkúta rẹ̀ padà sínú ebè, kò sì sọ ọ́ sí pápá. A gbé e sínú páálí, mo sì ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọ orúkọ oko àti orúkọ bàbá rẹ̀, ó kọ ọjọ́, ó ní ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan sínú ilẹ̀, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn igi ìrókò kan ṣoṣo tí ó kù níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó fi kún un pé: “Òjò rọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú.”